Ìwé Keje Tí Gbogbo Wọn Ń Tọ́ka Sí

Ẹ jẹ́ n sọ ti obìnrin kan fún yín, tí gbogbo àdúgbò rẹ̀ ń pè ní dókítà, tí kò sì gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Nígbà tó kọ́kọ́ kó dé òpópónà tó ń gbé, bí ara ọmọ ẹnì kan bá ti ń gbóná, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e wá. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, èmi kì í ṣe irú dókítà yẹn." Wọ́n á wò ó lókè wò ó nílẹ̀, wọ́n á sì gbé ọmọ wọn lọ pẹ̀lú ìbínú. Télọ̀ tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ ilé rẹ̀ ló wá sọ ọ́ ní Dókítà Aláìlábẹ́rẹ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ ẹ. Aláìlábẹ́rẹ́ làwa náà ó máa pè é.

Jẹjẹrẹ niṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń tọ́jú aláìsàn o. Àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, nǹkan tíńtìntín tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n ti gé lára aláìsàn láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n wá ń bọ́ nínú ìgò bí ẹni ń sin adìẹ, àwọn ló ń dán oògùn wò lára wọn. Bí oògùn bá pa wọ́n, á kọ ọ́ sínú ìwé, jọ́nà, ìyẹn ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, á sì tẹ ìwé náà jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri á kà á. Bí àwọn náà bá ń kọ tiwọn, wọ́n á tọ́ka sí tirẹ̀ pé báyìí báyìí ni lágbájá wí. Kọ̀ǹpútà kan wà tó ń ka gbogbo ìtọ́kasí wọ̀nyí, ẹyọ kan kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Iye tó bá kà fún ọ ni ìwọ̀n rẹ nínú iṣẹ́ náà. O lè mọ̀wé títí kó o fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè, bí wọn ò bá tọ́ka sí ọ, asán lórí asán ni.

Ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Aláìlábẹ́rẹ́ ti kọ. Ọgbọ̀n nínú wọn, ká má parọ́, ìyá tó bí wọn nìkan ló mọ̀ wọ́n. Òmíràn wà tí wọn ò tọ́ka sí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe méjì nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé keje, ẹ̀n-ẹ́n, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti kọ ọ́. Ohun tó wí nínú ẹ̀ ni pé oògùn àtijọ́ kan, tí wọ́n ń lò fún àìsàn mìíràn, tí kò wọ́n, tó wà ní gbogbo ilé oògùn, ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú. Ta ni ò ní fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀? Ẹgbẹ̀rún kan ó lé irinwó ìgbà ni wọ́n ti tọ́ka sí i. Láràárọ̀, kó tó sọ báàgì kalẹ̀ léjìká, á kọ́kọ́ ṣí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀ wo iye náà. Bó bá ti fi méjì mẹ́ta lé sí i, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á wá lọ fọ ife tíì rẹ̀.

Ìwé keje yìí náà ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń dúró síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, tí wọ́n fi àwọn tó kọ́ níwèé síbẹ̀, ó sì kí wọn kú oríire, ó wá lọ ti ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti sunkún. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀ ti sọ fún un pé ó ti bọ́ sí i, torí iye ìtọ́kasí rẹ̀ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti díẹ̀ kí ìgbìmọ̀ jókòó. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Bó bá tún yẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé nìkan ni iye náà ò wọ̀ létí. Màmá ní, "Ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó èèyàn ló dárúkọ rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Mélòó ló ti wá gbádùn nínú wọn?"

"Màmá, àwọn tó ń kọ̀wé ni mò ń sọ. Kì í ṣe aláìsàn."

"Ó dáa. Mo rò pé torí aláìsàn lẹ ṣe ń kọ ọ́ ni."

Aláìlábẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ta á.

Ọjọ́ Ajé kan ni ímeèlì kan wọlé láti yunifásítì mìíràn, níbi tó tó ìrìn àjò ọjọ́ kan gbáko. Ọmọbìnrin kan tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́. Ó ní, "Mà, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé yín ni mo gbé iṣẹ́ mi lé. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbìyànjú láti ṣe ohun tẹ́ ẹ ṣe, àmọ́ oògùn yẹn ò pa sẹ́ẹ̀lì tèmi. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi ni ò dáa. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ṣé ẹ lè fún mi díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tiyín, kí n lò ó wò?"

Àánú ọmọ náà ṣe é. Ó dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé òun ó fi ránṣẹ́. Àmọ́ òfin kan ti wà nínú iṣẹ́ náà báyìí tí kò sí nígbà tó ń kọ ìwé keje: kò sẹ́ni tó ń fi sẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tó máa sọ ara ẹni tí sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ti wá. Láyé ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n bá kọ sára ìgò ni wọ́n ń gbà gbọ́. Ó wá ránṣẹ́ pe Bàbá Onígò.

Bàbá Onígò ló ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ní láàbù, ìyẹn yàrá ìwádìí Aláìlábẹ́rẹ́, láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló ń pààrọ̀ ìgò wọn, òun ló ń tò wọ́n sí firísà. Bó bá wọlé láàárọ̀, àwọn ìgò ló ń kọ́kọ́ kí, kó tó kí èèyàn. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa fẹ̀yìn tì. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí firísà, ó yọ ìgò kékeré kan jáde nínú èéfín yìnyín, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò.

Èsì dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ọmú. Sẹ́ẹ̀lì ẹnu ilé ọmọ ni, irú èyí tí gbogbo oníláàbù mọ̀ pé kì í kú bọ̀rọ̀, tó sì máa ń ya bí èpò. Aláìlábẹ́rẹ́ ní àwọn tó ṣe àyẹ̀wò ló ṣì í. Ó fi ìgò méjì mìíràn ránṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn láti ọdún tó kọ ìwé keje gan-an. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, èsì dé. Bákan náà ni. Ó ka ìwé èsì náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, bóyá yóò yí ohùn padà.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Oògùn yẹn ò pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú kankan rí. Nǹkan mìíràn ló pa, Aláìlábẹ́rẹ́ sì pè é ní ọmú, ẹgbẹ̀rún kan ó lé irinwó ìgbà ni wọ́n sì bá a pè é bẹ́ẹ̀.

Ó lọ bá Bàbá Onígò níbi tó ti ń fọ ìgò. Bàbá ka èsì náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, Mà," ló wí. "A ò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Bí wọ́n bá wà nínú ìgò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

"Bàbá, báwo ló ṣe déédéé bọ́ sínú ẹ̀?"

Bàbá ò fẹ́ sọ ọ́. Ó tún fọ ìgò méjì kó tó dáhùn. "Ẹ rántí ọdún tí omi oúnjẹ wọn wọ́n gógó?"

Ó rántí. Nínú láàbù yẹn, irú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní ìgò oúnjẹ tirẹ̀, ẹnìkan ò gbọdọ̀ fi ti ọ̀kan bọ́ èkejì. Ọdún yẹn ni Aláìlábẹ́rẹ́ ní kí wọ́n máa fi ìgò oúnjẹ kan ṣoṣo bọ́ méjì, kí wọ́n kàn máa ṣọ́ra. Ẹ̀kán omi ẹyọ kan láti inú ìgò sẹ́ẹ̀lì tó bá fi lè padà kán sínú ìgò oúnjẹ ti tó. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ya kíákíá á bá ti ọmú nílé, á jẹ oúnjẹ rẹ̀, á gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́, orúkọ onílé ló sì máa wà lára ìgò títí ayé.

Bàbá ní, "Mo sọ fún yín nígbà yẹn, Mà. Mo ní wọ́n ti ń yára pọ̀ jù, ohun tí mo ń bọ́ lọ́sẹ̀ kan ti di ti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní, 'Bàbá, àbí ìbùkún ń dùn yín ni?'"

Òótọ́ ni, ó wí bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ rántí ẹ̀rín tó rín. Ìtìjú mú un débi pé kò lè wo ojú Bàbá. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ju bó ṣe bàjẹ́ lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀mejèèjì tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, torí ìgbà wọ̀nyẹn, ó rí ẹni tó bínú sí.

Ó lọ sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka. Ọ̀gá kọ́kọ́ dìde ti ìlẹ̀kùn.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Bàbá Onígò."

"Ìyẹn ti ń fẹ̀yìn tì." Ó jókòó padà. "Wò ó, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tó ti sùn fún ọdún mẹ́tàlá, ṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni ò lè fi kún un? Jẹ́ kí ìgbìmọ̀ jókòó. Tó o bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, kó o wá fa ìwé náà padà. Wọ́n á tún máa yìn ọ́ pé olóòótọ́ èèyàn ni ọ́. Tó o bá fà á padà báyìí, kí ló kù fún ọ? Ọgbọ̀n ìwé tí kò sẹ́ni tó kà?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti ọdún mọ́kànlá, tí wọ́n gbé omi síwájú ẹ̀, ẹ má retí pé yóò bi yín bóyá omi náà mọ́. Aláìlábẹ́rẹ́ sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò parọ́, òun kàn ń dúró ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ó bá a. Ṣùgbọ́n ká má rẹ́ ẹ jẹ, ọdún mẹ́tàlá yẹn kì í ṣe irọ́, àṣìṣe ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ̀, tó sì panu mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni irọ́ bẹ̀rẹ̀.

Kò sì jẹ́ kó gbádùn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Láàárọ̀, bó bá ṣí kọ̀ǹpútà tó rí i pé iye náà ti fi mẹ́rin lé, á yára pa kọ̀ǹpútà náà dé. Ẹni mẹ́rin mìíràn ti kọ́ ilé sórí yanrìn, òun ló sì fún wọn nílẹ̀. Ó dẹ́kun wíwò ó. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ ní kí ló dé tó fi ń rù, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, ímeèlì kan tún dé láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó béèrè sẹ́ẹ̀lì. Aláìlábẹ́rẹ́ rí orúkọ rẹ̀, kò ṣí i. Ó ṣe tán, kí ló fẹ́ sọ fún un? Kó ní òun ò tíì ráyè? Ímeèlì náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà dúdú kirikiri lọ́jọ́ Ẹtì, ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, Aláìlábẹ́rẹ́ sì ń fojú fò ó bí ẹni tó ń gba ẹ̀yìn ilé torí ajá onílé. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá Onígò wá bá a pẹ̀lú ìwé ńlá kan àti máákà dúdú kan lọ́wọ́. Ó ní òun ń to firísà, kí òun lè fi í lé ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Lẹ́tà ara àwọn ìgò àtijọ́ ti ń pa rẹ́, òun sì gbọ́dọ̀ tún un kọ.

"Kò burú, Bàbá. Ẹ tún un kọ."

"Kí ni kí n kọ, Mà?"

Aláìlábẹ́rẹ́ yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Bàbá ní, "Èmi ni mo kọ 'ọmú' sí wọn lára níjọ́sí. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn, ẹ̀yin náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè tún un kọ báyìí. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi á gbé e, á sì gbà á gbọ́ torí ọwọ́ mi ló rí lára ẹ̀. Ẹ má bínú, Mà. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó máa jẹ́ ọmú lọ, máákà rèé, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́."

Kò gbé ohùn sókè. Ó gbé máákà náà kalẹ̀ sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó sì dúró. Láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa kọ iṣẹ́ fún un. Aláìlábẹ́rẹ́ bá a lọ sídìí firísà. Ìgò mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, ó kọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an sí wọn lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan, yìnyín sì ń jó o lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló padà sí ọ́fíìsì, ó sì ṣí ímeèlì tó ti ń sá fún.

Kò gùn. "Mà, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí. Ẹ má ṣe wàhálà mọ́ lórí sẹ́ẹ̀lì yẹn. Ọ̀gá mi ní àkókò ti tán, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sídìí iṣẹ́ náà, mo sì ti gbà pé ọwọ́ mi ni ò gba irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ lọ láìdúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìwé yín ni mo kà tí mo fi ní iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣe."

Ó sunkún lórí tábìlì, kò tiẹ̀ rántí ti ìlẹ̀kùn. Ó kọ lẹ́tà sí jọ́nà náà pé kí wọ́n fa ìwé keje padà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì náà kì í ṣe ti ọmú, pé òun lòun pàṣẹ kí wọ́n máa lo ìgò oúnjẹ kan fún méjì, pé ẹni tó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì kìlọ̀ fún òun, òun ò sì gbọ́. Ìlà mẹ́fà ni, gbogbo ọ̀sán ló sì gbà á. Ó kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n yọ orúkọ òun. Ó wá kọ ti ọmọ náà. Ìyẹn lọ, kò pẹ́ ló padà wá: kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lórí àdírẹ́sì náà mọ́.

Ọ̀gá ẹ̀ka wọlé wá lọ́jọ́ kejì láìkan ìlẹ̀kùn. Ó ní, "O ti fọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ." Aláìlábẹ́rẹ́ ní òun mọ̀. Ọ̀gá dúró díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kó bá òun jiyàn. Nígbà tí kò rí ìjà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ Aláìlábẹ́rẹ́ lógún ti yàtọ̀ sí ti ọ̀gá. Ọjọ́ méjì ló fi ń pe yunifásítì yẹn. Wọ́n ní kó pe ibí, ibí ní kó pe ọ̀hún, títí akọ̀wé kan fi ṣàánú rẹ̀ fún un ní nọ́ńbà fóònù ọmọ náà.

Ọjọ́ Ẹtì ló pè é. Ohùn tó dáhùn rọra, ẹ̀rọ kan ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Aláìlábẹ́rẹ́ sọ orúkọ ara rẹ̀, ọmọ náà sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè àlàáfíà rẹ̀. Aláìlábẹ́rẹ́ wá sọ gbogbo ẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́: ìgò oúnjẹ, ìkìlọ̀ Bàbá Onígò, àyẹ̀wò ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Sẹ́ẹ̀lì tìrẹ gan-an ni sẹ́ẹ̀lì ọmú," ló wí. "Oògùn yẹn ò sì lè pa á. Ohun tó o rí lo sọ. Èmi ni mo ṣì í."

Ọmọ náà pa ẹ̀rọ tó ń kùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi, Mà?"

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ ò ní nǹkan kan. Mo ti kọ̀wé sí jọ́nà, màá kọ sí ọ̀gá rẹ náà. Màá sọ fún gbogbo wọn."

"Ẹ ṣeun, Mà." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má bínú o, Mà. Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Irọ́ kan ti wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí, kékeré, ó ti múra tán. Ìbá ní lọ́sẹ̀ yìí ni. Ta ni ìbá já a?

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé ọjọ́ mẹ́ta lónìí," ni Aláìlábẹ́rẹ́ wí.

Ó gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń ka ọjọ́ lábẹ́ ahọ́n. Ó dúró de èébú, ó tiẹ̀ ń fẹ́ kó bú òun. Ọmọ náà ò bú u.

Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì lónìí ni mo dá kọ́kọ́rọ́ láàbù padà fún wọn, Mà."